Bewray, Ọ̀rọ̀ Tí Mo Fi Lé Àgbà Olùkọ́ Kan Kúrò Nílé Ìwé

Ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì kan wà tí àwọn tó ni èdè náà fúnra wọn ti gbàgbé. Bewray ni. A máa ń pè é bí ẹni ń pe "bìréè". Ẹni tó bá wá a nínú ìwé atúmọ̀-èdè tó tóbi dáadáa yóò rí àmì kékeré kan níwájú rẹ̀, tó dà bí idà tí wọ́n dojú rẹ̀ kọlẹ̀. Àmì yẹn ń sọ pé ọ̀rọ̀ náà ti kú, pé kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ mọ́. Ní ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ni ní Ṣakí, ọ̀rọ̀ náà kò kú. Èmi ni mo jí i dìde, bí mo sì ṣe jí i dìde kì í ṣe ohun tí mo máa ń sọ fún ènìyàn.

Ọmọ Ìpàpó ni mí. Iṣu àti ọkà bàbà ni bàbá mi ń gbìn, èmi sì ni ẹni àkọ́kọ́ tó lọ sí yunifásítì nínú ìdílé wa. Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n nígbà tí ilé ìwé girama àdáni kan ní Ṣakí gbà mí kí n máa kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Mo gbà pé mo mọ Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé ẹ̀rí mi dára, kò sí àṣìṣe nínú ohun tí mo bá kọ sílẹ̀. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé ahọ́n mi kò tíì kúrò ní oko wa. Bí ọ̀pọ̀ ènìyàn apá ọ̀dọ̀ wa, n kì í lè pe ṣ. S ni gbogbo rẹ̀ lẹ́nu mi. Bí mo bá fẹ́ sọ pé iṣu, isu ni wọn yóò gbọ́. Nílé, kò sẹ́ni tó kíyè sí i, nítorí bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ń wí.

Àgbà olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì kan ti wà níbẹ̀ kí n tó dé. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ọ̀gá ilé ìwé wa, obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín, sì tún gbà á síṣẹ́ torí pé kò rí ẹlòmíràn tó mọ Gẹ̀ẹ́sì tó o ní gbogbo agbègbè wa. Ó ga, ó gbẹ. Ṣòkòtò rẹ̀ a máa gún bí ẹni pé abẹ́ áyọ́ọ̀nù ló sùn mọ́jú. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, kí àwọn ọmọ tó wọ kíláàsì, á kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan lórí ìlà, ọ̀rọ̀ tó ní àmì idà níwájú. Ó fẹ́ràn àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń fẹ́ràn ẹyẹlé. Ènìyàn ni kò fẹ́ràn.

Ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo ló ní. Olùkọ́ ìṣirò ni, ọkùnrin kúkúrú kan, ará Ìgbẹ́tì, tó ti bá a ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí irun àwọn méjèèjì ti dúdú. Abọ́ kan náà ni wọ́n fi ń jẹun ọ̀sán. Bí ọ̀kan bá pẹ́, èkejì kò ní ṣí abọ́ náà.

Níbi ìpàdé olùkọ́ àkọ́kọ́ tí mo jókòó sí, ọ̀gá ní kí n dìde, kí n sọ̀rọ̀ ṣókí nípa ara mi. Mo sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Mo fẹ́ sọ pé I shall do my best. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni "I sall do my best."

Bàbá náà ti awò ojú rẹ̀ sókè. "Ẹ gbọ́ ọ bí?" ó wí. "Ahọ́n ọmọdébìnrin yìí ti bewray rẹ̀."

"Betray, sà?" olùkọ́ kan bi í.

"N kò sọ pé betray. Ẹni tó bá dalẹ̀ ló betray. Ahọ́n tirẹ̀ kò dalẹ̀ rárá, òótọ́ ló sọ. Bewray ni kí nǹkan tú àṣírí ẹni nígbà tí ẹni náà kò fẹ́. Ipa ẹsẹ̀ lórí ẹrẹ̀ a máa bewray olè. Òórùn ẹnu a máa bewray ọ̀mùtí. Ẹ wo ọmọ yìí. Ó wọ bàtà gíga, ó kun ètè, yunifásítì ló ti dé. Ó la ẹnu lẹ́ẹ̀kan, oko bàbá rẹ̀ jáde síta."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá tí kì í rẹ́rìn-ín pàápàá fi ọwọ́ bo ẹnu. Olùkọ́ ìṣirò nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó tẹrí mọ́lẹ̀, ó ń ṣí ìwé kan tí kò kà. Mo jókòó. Mo ń wo bàtà gíga náà, èyí tí ìyá mi rà fún mi nítorí iṣẹ́ tuntun, mo sì ń wá ibi tí n ó fi ẹsẹ̀ mi pa mọ́ sí.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti gbọ́. Mo wọ kíláàsì lọ́jọ́ kan, mo bá sall mi lójú pátákó, wọ́n ti fi sọ mí lórúkọ: Àǹtí Sáàlù. Mo nù ún. Lọ́jọ́ kejì ó tún wà níbẹ̀. Bàbá náà kò sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tán nílẹ̀. Bí mo bá ń kọ́ni, tó sì ń kọjá lẹ́bàá fèrèsé, á dúró, á tẹ́tí. Tí s bá ti bọ́ lẹ́nu mi níbi tí kò yẹ, á ní "shhh", bí ẹni ń rẹ ọmọ ọwọ́ sùn, á sì bá tirẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ á máa fi ìwé bo ojú. Odindi sáà méjì ló fi ṣe é.

Ìgbà ìsinmi ni mo tó wá ọ̀rọ̀ náà wò. Ní oko wa, ẹni tó bá fẹ́ kí fóònù rẹ̀ ṣiṣẹ́ àfi kó gun àpáta tó wà lẹ́yìn abà. Bàbá mi àti àbúrò mi ń wa iṣu nísàlẹ̀. Èmi wà lórí àpáta, mo sọ fún wọn pé iṣẹ́ ilé ìwé ni mò ń ṣe. Mo kà á títí oòrùn fi wọ̀ mí lágbárí.

Ọ̀rọ̀ náà dàgbà ju bí bàbá náà ṣe sọ ọ́ lọ. Ìdí rẹ̀ wà nínú Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́, kí Faransé tó dà pọ̀ mọ́ ọn, nínú ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n ń kọ báyìí: wregan. Ohun tí wregan túmọ̀ sí ni kí ènìyàn fẹ̀sùn kan ẹnìkejì, kó lọ fi í sùn lọ́dọ̀ aláṣẹ. Wọ́n wá fi be síwájú rẹ̀ kó lè le sí i. Ẹ̀sùn ló kọ́kọ́ jẹ́. Nígbà tó yá, ó di kí ènìyàn tú àṣírí tí wọ́n fi pa mọ́ sọ́dọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ló tó di ohun tí bàbá náà fi bú mi, pé kí ahọ́n tàbí ipa ẹsẹ̀ tàbí òórùn máa ṣòfófó ẹni tó ni ín. Betray kò bá a tan rárá. Látìn ni betray ti ṣẹ̀, ó gba ọ̀dọ̀ Faransé kọjá, ìdí tirẹ̀ sì ni kí ènìyàn mú ẹnìkan lé ọ̀tá lọ́wọ́. Ìró wọn ló jọra. Àwọn ènìyàn ń fi ọ̀kan pe èkejì, títí betray fi gba ilẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, tí kò sì sẹ́ni tó ránṣẹ́ sí bewray mọ́.

Ìsàlẹ̀ pátápátá ni mo ti rí èyí tí mo gbé dání sọ̀kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ mìíràn wà tó jọ ọ́, tí àwọn akọ̀wé àtijọ́ sì máa ń ṣì kọ bíi tirẹ̀. Ìtumọ̀ ìyẹn ni kí ènìyàn fi ìgbẹ́, ìtọ̀ tàbí ẹrẹ̀ ba ara tàbí aṣọ jẹ́. Àwọn kan ní inú ọ̀rọ̀ tó wà fún aṣọ wíwọ̀ ló ti wá, pé yẹ̀yẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe, bí ìgbà tí ẹnìkan ṣubú sínú ẹrẹ̀ tí a wá ń yìn ín pé aṣọ rẹ̀ mà dára. Mo rẹ́rìn-ín lórí àpáta.

"Kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín?" bàbá mi béèrè láti ìsàlẹ̀.

"Kò sí nǹkan, bàbá."

N kò tíì mọ ohun tí n ó fi ṣe. Ṣùgbọ́n mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, mo sì tún un kà bí ẹni tí wọ́n fẹ́ dán wò.

Nígbà tí a wọlé padà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ. Kíláàsì SS2 tó ń kọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, pákó ni wọ́n fi là á láàárín, gbogbo ohun tó ń lọ níbẹ̀ ni mò ń gbọ́. Mo rí i pé kì í lè pẹ́ nínú kíláàsì. Á jáde, á lọ sẹ́yìn ilé, á padà. Kò ní pẹ́, á tún jáde. Lọ́jọ́ kan mo tẹ̀ lé e. Mo dúró lẹ́yìn ògiri ilé ìtọ̀ àwọn olùkọ́. Mo gbọ́ bó ṣe ń kérora níbẹ̀ bí obìnrin tó ń rọbí, tí ìtọ̀ náà sì ń kán díẹ̀díẹ̀. Mo mọ ohun tó ń ṣe é. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní irú àìsàn yẹn kó tó kú. Ìtọ̀ kì í fẹ́ jáde nígbà tí a bá fẹ́ ẹ, kì í sì í ṣeé dá dúró nígbà tó bá ń bọ̀. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé n kò mọ̀.

Mo lọ bá ọ̀gá ní ọ́fíìsì.

"Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀, mà," mo wí. "N kò sì fẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé èmi ni mo sọ ọ́."

"Sọ ọ́."

"Bàbá kì í dúró nínú kíláàsì. Wọ́n á jáde lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin, kí agogo tó lù. Àwọn ọmọ á wá máa pariwo. N kò lè kọ́ àwọn tèmi."

"Níbo ni wọ́n ń lọ?"

"N kò mọ̀, mà."

Ọ̀gá kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé, ó kó gbogbo wa jọ, ó pàṣẹ pé olùkọ́ kankan kò gbọdọ̀ jáde kúrò nínú kíláàsì kí agogo tó lù, ẹni tó bá jáde yóò kọ̀wé ìdí rẹ̀. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára bàbá náà. Bàbá náà kò wo ọ̀gá. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló yíjú sí, olùkọ́ ìṣirò, ó sì wò ó fún ìgbà pípẹ́. Ìgbà yẹn ló yé mi pé ọ̀rẹ́ yìí nìkan ni bàbá náà sọ fún nípa àìsàn náà, ó sì rò pé ọ̀rẹ́ náà ló fi òun sùn. Mo rí i bó ṣe ń rò ó. Mo sì panu mọ́.

Nígbà tó di ọ̀sán, abọ́ wọn ti di méjì.

Ọyẹ́ dé lọ́dún náà pẹ̀lú òtútù tó ń la ètè. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni, agogo kò tíì lù, mò ń kọ́ni. Mo gbọ́ ariwo láti kíláàsì SS2, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ pa rọ́rọ́. Ìdákẹ́rọ́rọ́ náà ló mú mi jáde. Mo wọlé tọ̀ wọ́n lọ.

Bàbá náà jókòó sẹ́yìn tábìlì, ó tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sórí rẹ̀. Kò dìde. Ìtọ̀ ń kán láti orí àga rẹ̀ sílẹ̀, ó ti ṣàn dé abẹ́ bẹ́ńṣì àkọ́kọ́. Àwọn ọmọ tó wà níwájú ti ká ẹsẹ̀ sókè. Ó gbójú sókè, ó rí mi.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ẹ sàánú mi. Ẹ kó wọn jáde."

Kò tíì fi ẹ bá mi sọ̀rọ̀ rí. Ṣùgbọ́n ohun tí mo gbọ́ kì í ṣe ìyẹn. Sàánú ló wí, kò wí pé ṣàánú. S tí ó fi ń ṣe mí ní yẹ̀yẹ́ láti ìgbà tí mo ti dé, òun náà ni ìyá rẹ̀ fi tọ́ ọ dàgbà. Ó ti bò ó mọ́lẹ̀ fún gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Ìtìjú ọjọ́ kan ló ṣí i.

Gbólóhùn kan ni ìbá ná mi, kí n ní kí àwọn ọmọ jáde. Mo lọ mú ṣọ́ọ̀kì.

"Sàánú," mo wí, kí ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá lè gbọ́. "Ẹ gbọ́ ọ bí? Níbo ni wọ́n ti ń wí bẹ́ẹ̀?"

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Mo yíjú sí pátákó, mo kọ bewray gàdàgbà gàdàgbà.

"Bàbá ń kọ́ wa ní ọ̀rọ̀ àtijọ́," mo wí. "Èmi náà fẹ́ kọ́ yín ní ọ̀kan. Ìtumọ̀ kan ni kí ahọ́n ẹni tú àṣírí ẹni. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi etí ara yín gbọ́ ìyẹn. Ìtumọ̀ kejì, ẹ wo abẹ́ àga."

Ìtumọ̀ tó ṣáájú gbogbo rẹ̀, èyí tó jẹ́ ẹ̀sùn, mo fò ó. Mo mọ ohun tó mú mi fò ó.

Kíláàsì dà rú. Àwọn kan gun bẹ́ńṣì kí wọ́n lè rí i dáadáa. Àwọn kíláàsì tó kù ti ń yọjú lójú fèrèsé. Nínú ariwo náà, bàbá náà sọ̀rọ̀, àìpariwo rẹ̀ sì mú kí n gbọ́ ọ.

"Èyí tó kẹ́yìn yẹn kò ní w," ó wí. "Beray ni. B, e, r, a, y. Nu w kúrò."

Òótọ́ ló sọ. Ọwọ́ mi ti nù ún kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe.

Ó dìde, ó mú rẹ́jísítà kíláàsì, ó fi bo iwájú ṣòkòtò rẹ̀, ó jáde. Pápá tó wà láàárín àwọn kíláàsì àti géètì gbòòrò. Kò sáré. Gbogbo ilé ìwé ló dúró lójú fèrèsé tó ń wò ó nínú eruku ọyẹ́, títí ó fi jáde ní géètì pẹ̀lú rẹ́jísítà wa lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀gá rán ènìyàn lọ gba rẹ́jísítà náà lọ́jọ́ kejì.

Kò padà wá mọ́. Wọ́n fún mi ní tábìlì rẹ̀ àti kíláàsì rẹ̀. Àwọn ọmọ sì mú ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó bá da omi sára, wọ́n á ní ó ti bìréè. Ọmọ tó bá fẹ́ lọ tọ̀, á ní òun fẹ́ bìréè. Ó kúrò ní ilé ìwé wa, ó wọ àwọn ilé ìwé mìíràn. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu obìnrin kan lẹ́bàá gáréèjì, ó ń bá ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn wí pé kó má bìréè sí òun láṣọ. Bàbá náà kò lè gba àdúgbò kan kọjá kí ọmọ kan má pè é lẹ́yìn rẹ̀. Ó dẹ́kun ìrìn. Nígbà tó yá, ó dẹ́kun lílọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Olùkọ́ ìṣirò lọ sí ilé bàbá náà lẹ́ẹ̀kíní, lẹ́ẹ̀kejì. Ó wá sọ ọ́ fún mi nínú yàrá olùkọ́, bóyá nítorí pé kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

"Wọn kò jẹ́ kí n wọlé," ó wí. "Mo bi í láti ìta pé kí ni mo ṣe. Ó ní kí n lọ bi ẹnu mi léèrè. Mo ti bi í. Kò sọ nǹkan kan fún mi."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, sà," mo wí. Mo ń máàkì ìwé. Mo máàkì lọ.

Bí ọdún méjì lẹ́yìn náà, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún bàbá náà ní Ìbàdàn, wọ́n gbé e padà wálé. Ọ̀gá ní kí ẹnìkan lọ kí i lórúkọ ilé ìwé, ó sì yàn mí, torí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mí ṣe olórí ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì. N kò ní sọ pé àánú ló gbé mi lọ. Mo mú iṣu márùn-ún nínú èyí tí bàbá mi fi ránṣẹ́ láti Ìpàpó.

Ìyàwó rẹ̀, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ló ṣílẹ̀kùn fún mi. Kò gba iṣu náà lọ́wọ́ mi. Mo gbé e sílẹ̀ fúnra mi.

"Ìwọ ni," ó wí.

"Èmi ni, mà. Ẹ kú ìtọ́jú aláìsàn."

"Ó ní bí o bá wá, kí n jẹ́ kí o wọlé. Òun ló wí bẹ́ẹ̀. Tó bá ṣe pé tèmi ni, o kò ní kọjá ibi tí o dúró sí yìí."

Ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kan nínú pálọ̀, ọ̀rá ìtọ̀ so rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ti rù débi pé eyín rẹ̀ tóbi ju ẹnu rẹ̀ lọ. Ó ní kí n jókòó. Nígbà tó sọ̀rọ̀, mo gbọ́ pé kò bo ahọ́n rẹ̀ mọ́. Bí a ṣe ń sọ ọ́ ní oko ló ń sọ ọ́.

"Nígbà tí mo wà ní kékeré," ó wí, "olùkọ́ wa kan a máa fi ẹ̀gún ọsàn gún mi láhọ́n. Ìgbàkígbà tí mo bá ti pe s. Á ní kí n na ahọ́n síta. Mo bọ́ nínú ẹ̀. Mo rò pé bí mo bá gún tìẹ, ìwọ náà á bọ́."

Mo ní, "Ẹ má bínú sí mi, sà."

"N kò bínú sí ọ. Ohun tí o se sí mi, ojú mi ni o ti se é. Mo rí ọ, o rí mi. Mo ti dárí ẹ̀ jì ọ́. Ẹni tí n kò ní í dárí jì ni ẹni tó mọ àìsàn mi, tó wá lọ fi mí sùn lẹ́yìn. Ọ̀rẹ́ mi. Òun nìkan ni mo fi àsírí mi hàn."

"Ṣé ó dá yín lójú pé àwọn ni, sà?"

"Òun nìkan ni mo sọ fún," ó tún wí.

Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, àwo kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì fọ̀ ọ́. Ó ń wò mí. Títí di òní n kò mọ̀ bóyá ó fura.

Mo ti rò ó lọ, mo ti rò ó bọ̀, ìdí tí n kò fi sọ fún un pé èmi ni. N kò lè fi iṣẹ́ mi ṣe àwáwí, torí ọ̀gá kò jẹ́ lé mi nítorí ìyẹn, òun fúnra rẹ̀ ló gba ẹ̀sùn náà wọlé. N kò sì bẹ̀rù bàbá náà, kò lè gbé ọwọ́. Ìdáríjì náà ló dùn mọ́ mi. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti fún mi ní ohun tó dára bẹ́ẹ̀, bí mo bá sì sọ òótọ́, yóò gbà á padà. Mo ní, "Ẹ ṣeun, sà. Ọlọ́run yóò fún yín ní àlàáfíà." Mo dìde, mo kí ìyàwó rẹ̀, mo lọ.

Ó kú kí àkọ́rọ̀ òjò ọdún tó tẹ̀ lé e tó rọ̀.

A lọ síbi ìsìnkú rẹ̀ láti ilé ìwé. Wọ́n fún wa ní àga lábẹ́ kánọ́pì, lẹ́yìn ẹbí gan-an. Èmi ni mo ka ọ̀rọ̀ ìdárò ilé ìwé, mo sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, mo sì pe ṣ kọ̀ọ̀kan bó ṣe yẹ kí wọ́n pè é. Nígbà tí mo gbójú sókè, mo rí olùkọ́ ìṣirò lẹ́yìn òde ọgbà. Ó dúró sínú oòrùn, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àkọ́bí òkú ti lọ bá a lẹ́nu géètì. Mo gbọ́ pé ohun tó sọ fún un ni pé, "Ẹ jọ̀ọ́, sà. Bàbá wa ní kí ẹ má dé ibi sàréè òun. Ẹ má jẹ́ kí a fa ọ̀rọ̀." Kò bá a jiyàn. Ó kàn dúró síbẹ̀ títí wọ́n fi bo sàréè náà.

Wọ́n fún wa ní oúnjẹ. Mo jẹ ẹ́.

Bí mo ṣe ń jáde, ó ké sí mi.

"Olùkọ́," ó wí, "wọ́n ní ìwọ rí i kó tó kú. Wọ́n ní ó gbà ọ́ wọlé."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ǹjẹ́ ó sọ fún ọ ohun tí mo ṣe? Ohun yòówù kó jẹ́. N kò ní bínú. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ọ́n ni."

Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó di etí ìborùn mi mú díẹ̀, bí ẹni tó ń bẹ̀rù pé n ó sá.

"Rárá o, sà," mo wí. "Wọn kò dárúkọ yín."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní kí n kí àwọn ará ilé.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ló fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó padà sí Ìgbẹ́tì. Mo ń gbúròó pé ojú rẹ̀ ti ń ṣú, pé ó máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá ti Ṣakí wá bóyá inú àwọn ọmọ bàbá náà ti rọ̀ sí òun. Èmi ṣì wà ní ilé ìwé yẹn. Ọ̀gá ti fẹ̀yìn tì.

Lọ́dún tó kọjá, a kó àwọn ọmọ lọ sí Ìgbẹ́tì láti lọ wo àwọn òkè ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń jẹun, mo yọ́ kúrò láàárín wọn, mo béèrè ilé olùkọ́ ìṣirò àtijọ́ kan tó ti ṣiṣẹ́ ní Ṣakí. Wọ́n tọ́ka rẹ̀ sí mi. Ilé náà wà lẹ́bàá ọ̀nà tí àwọn tírélà fi ń kó òkúta funfun, eruku ti bo gbogbo fèrèsé rẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ilé, ó ń ní kí ẹnìkan bá òun wá ọ̀pá òun. Obìnrin kan ń sá ẹ̀gẹ́ síwájú ilé. Ó gbójú sókè, ó bi mí pé ta ni mò ń wá.

Mo ní mo ṣìnà ni.

Ó na ọwọ́, ó fi ọ̀nà tó lọ sí gáréèjì hàn mí.